Wákàtí Méjì láti Màídúgùrì

Ojúlé Kẹtàdínlógún,
Àdúgbò Benson,
Ìkòròdú.
Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kejì, 2025.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Fọláwùmí,

Báwo ni gbogbo ilé ní Ìjẹ̀dẹ́? Ṣé orúnkún ìyá yín ti fúyẹ́ díẹ̀? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Mo rí àtẹ̀jíṣẹ́ tí o fi kí mi kú àṣẹ̀yìndè Bàbá, mo dúpẹ́ gan-an. Má bínú pé mi ò gbé ìpè rẹ. Ùsámà, àbúrò mi tó ń ṣiṣẹ́ ní Màídúgùrì, wà nínú yàrá tó kàn mí, mi ò sì fẹ́ kó gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ẹ̀rù ń bà mí, Fọlá.

Bàbá kú ní Ẹ̀pẹ́ láàárọ̀ Sátidé, kí wọ́n tó kírun Àsùbáà. O mọ̀ pé àwa Mùsùlùmí kì í fi òkú falẹ̀. Bàbá sì ti máa ń sọ ọ́ pé Ùsámà, àgbà ọmọkùnrin òun, ni kó kírun sí òun lára. Mo pè é lójú ẹsẹ̀. Ó ní òun á wọ ọkọ̀ òfuurufú aago mẹ́sàn-án, ó wá ní, "Àǹtí mi, ẹ bá mi bẹ àwọn bàbá kí wọ́n dúró dè mí di Màgíríbì."

Mo wo fóònù mi. Láti pápákọ̀ òfuurufú Màídúgùrì dé ti Ìkẹjà, nǹkan bí ẹgbẹ̀fà kìlómítà, wákàtí méjì. Ọmọ awakọ̀ ojú omi ni mí. Bí ọkọ̀ Bàbá bá ti kúrò ní Ẹ̀pẹ́, ibi tó ń lọ ló ń lọ tààrà, kì í yà síbì kankan. Mo rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni ti òfuurufú. Ojú sì ń tì mí láti ní kí àwọn àgbàlagbà jókòó ti òkú di ìrọ̀lẹ́. Mo sọ fún Bàbá Ṣàmsúdéènì, àbúrò Bàbá wa, pé Ùsámà á ti dé kí aago méjì tó lù. Wọ́n gbà.

Aago méjì lù, fóònù Ùsámà kò lọ. Mi ò mọ̀ pé Àbújá ni ọkọ̀ rẹ̀ kọ́kọ́ balẹ̀ sí, pé ó ṣì ń dúró de òmíràn níbẹ̀, bátìrì fóònù rẹ̀ sì ti kú. Mo tọrọ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, mo tún tọrọ ọgbọ̀n mìíràn. Mo ń rò ó pé bóyá ọkọ̀ náà ti já, pé òkú méjì la ní nílẹ̀. Nígbà tí mo wá bẹ̀bẹ̀ fún Màgíríbì, Bàbá Ṣàmsúdéènì mi orí. Wọ́n ní ìgbà mẹ́ta ni mo ti dá àkókò, àwọn ò mọ èyí tí àwọn á gbà gbọ́ mọ́. Lẹ́yìn Àsárì, wọ́n kírun sí Bàbá lára, wọ́n sì gbé wọn lọ.

Ùsámà dé ní aago mẹ́fà kọjá ogún ìṣẹ́jú. Màgíríbì kò tíì tó. Òun nìkan ló dá kírun lẹ́bàá sàréè. Ó gbà pé àwọn bàbá gbọ́ ẹ̀bẹ̀ òun, wọ́n sì kọ̀ ọ́. Ó ní òun àti Bàbá Ṣàmsúdéènì ò tún ní kíra àwọn mọ́ láyé. Kò tiẹ̀ fẹ́ sun ilé wa, ó tẹ̀lé mi wá sí Ìkòròdú. Mi ò tíì jẹ́wọ́ fún un pé mi ò tètè jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀. Bó bá wúkọ́ lásán báyìí, àyà mi á já.

Lánàá ó bi mí pé kí ni wọ́n sọ gan-an nígbà tí mo jẹ́ iṣẹ́ òun. Mo ní omi ń hó lórí iná, mo sì dìde. Kò sí omi kankan lórí iná.

Sátidé yìí ni fídáù ọjọ́ kẹjọ. Ùsámà àti àwọn bàbá á jọ jókòó ní Ẹ̀pẹ́, ẹnì kan á sì mẹ́nu ba aago méjì dandan. Irọ́ ì báà lọ lógún ọdún, òtítọ́ á lé e bá. Tèmi ò tó ọ̀sẹ̀ kan. Mo fẹ́ fi ẹnu ara mi sọ ọ́ fún un kó tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Jọ̀ọ́, wá ní Fúráìdeè, kí o jókòó tì mí.

Bá mi kí ìyá yín àti àwọn ọmọ. Kì í ṣe pé mò ń bẹ̀rù pé Ùsámà á bú mi. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé ó lè má sọ nǹkan kan, kó kàn padà sí Màídúgùrì, kó má sì pè mí ní àǹtí rẹ̀ mọ́.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tó ń retí rẹ,
Waliyah.