Ẹni Tí Mo Rán Lọ Bá Mi Gbé Ọ̀pá Fíìmù

Fọlákẹ́mi ọmọ mi,

O kú iṣẹ́ ní Èkó o, o kú ìlàkàkà. Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Bí ara gbogbo yín bá le bí mo ṣe ń bẹ Olúwa láràárọ̀, ọpẹ́ ni. Àwa náà wà. Màmá rẹ ń kí ọ, ó ní kí n má sọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí fún ọ nítorí ó máa tàbùkù mi, ṣùgbọ́n mo ti jókòó ti ìwé, màá sọ ọ́.

O gbọ́ pé àwọn onífíìmù wá sí abúlé wa lẹ́yìn Adigbe yìí, pé wọ́n sì gbà mí síṣẹ́. Mi ò sọ irú iṣẹ́ tó jẹ́ nítorí kò yé èmi náà. Ọ̀pá gígùn kan ni wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́, nǹkan onírun bí ìrù ológbò wà lórí rẹ̀. Mo wò ó, mo ní ẹ̀hẹn, ìgbálẹ̀ òkè àjà nìyí, ni mo bá fi gbá gbogbo ilé aláǹtakùn tó wà ní pálọ̀ tí wọ́n fẹ́ lò. Miriam, obìnrin tó ni ẹ̀rọ ohùn, tó jẹ́ ọ̀gá mi bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwọ ọmọ mi gan-an jù ú lọ lọ́jọ́ orí, sáré gba ọ̀pá náà, ó ń ṣa ìdọ̀tí ara rẹ̀ bí ẹni ń ṣa iná orí fún ọmọ. Ó ní etí ni, òun ló ń gbọ́ ohun tí àwọn òṣèré ń sọ, kí n gbé e sókè lórí wọn, kí n má sì sọ̀rọ̀.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá kan nínú eré náà ń ṣàdúrà fún ọmọ rẹ̀ pé àtijẹ àtimu kò ní wọ́n ọn, mo ní àmín. Wọ́n ní kí wọ́n tún un ṣe. Ó tún gbàdúrà, mo tún ṣe àmín, torí ta ló máa gbọ́ irú àdúrà bẹ́ẹ̀ táá dákẹ́? Ẹ̀ẹ̀meje ni. Ní ẹlẹ́ẹ̀kẹjọ mo panu mọ́, mo fi orí ṣe àmín, ọ̀pá náà bá mi ṣe é, ó sì ti gèlè ìyá náà ṣubú. Wọn ò lé mi o. Mo rò pé iṣẹ́ mi ló dára.

Ni àwọn tó ń san owó ìfẹ̀yìntì bá ránṣẹ́ pé ní Ọjọ́rú, kí gbogbo àwa awakọ̀ àtijọ́ wá sí ọ́fíìsì ní ìgboro, kí á wá fi hàn pé a ò tíì kú. Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n fẹ́ tún eré àdúrà yẹn ṣe, òun ló sì ṣe pàtàkì jù. Mo bẹ akọ̀wé wọn pé ṣé mi ò lè rán ẹlòmíì wá. Ó wò mí títí, ó ní, "Bàbá, kò sí ẹni tó lè bá yín wà láàyè." Mo rò ó délé, mo rí i pé òótọ́ ni. Miriam ní kò burú, kí n wá ẹni tó máa dúró fún mi, ẹni tí apá rẹ̀ le, tí kò ní í sọ̀rọ̀.

Mo ro gbogbo ọkùnrin tí mo mọ̀. Kò sí ẹni tó ń dákẹ́ nínú wọn, ọ̀rẹ́ mi sáà ni wọ́n. Ni mo bá rántí Ọlálẹ́yẹ káfíńtà, tí àìsàn ti di etí rẹ̀ láti kékeré, tí kò gbọ́, tí kò sì fọhùn. Ó pẹ́ tó ti ń jókòó lásán, àwọn èèyàn kì í gbé iṣẹ́ fún un mọ́, wọ́n ní àlàyé ń pẹ́ jù. Fọlákẹ́mi, mo mú adití lọ síbi iṣẹ́ etí, mo sì rò pé ọgbọ́n ni mo dá. Ojú ọ̀nà ọ́fíìsì ni mo wà kí n tó ro ohun tí mo ṣe.

Nígbà tí wọ́n ti tẹ ìka mi mẹ́wẹ̀ẹ̀wá mọ́ gíláàsì kan tó ń tàn, tí gíláàsì náà sì gbà pé mo wà láàyè, mo sáré padà láti lọ tọrọ àforíjì. Kí ni mo bá? Ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Ìyá eléré ń gbàdúrà, Ọlálẹ́yẹ gbé ọ̀pá sókè, apá rẹ̀ ò gbọ̀n. Miriam jókòó lọ́ọ̀ọ́kán, ó ń fi ìka júwe fún un, sókè, sọ́tùn-ún, wá sílẹ̀ díẹ̀. Bí ìka bá ti mì, ọ̀pá ti débẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré, wọ́n ti ṣe é tán. Miriam wá bá mi, ó ní, "Bàbá, ó ti pẹ́ tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí, mi ò tíì rí ẹni tó ń wo ọwọ́ mi báyìí. Ẹ ṣé tí ẹ mú un wá." Ó ní bẹ́ẹ̀ lòun ṣe ń júwe fún èmi náà láti ọjọ́ yìí. Mo rò pé ó ń kí mi ni, gbogbo ìgbà ni mo ń juwọ́ padà sí i.

Wọ́n ti mú Ọlálẹ́yẹ lọ sí Láfẹ́nwá fún fíìmù mìíràn, iṣẹ́ oṣù mẹ́ta. Èmi, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo jowú, mi ò ní purọ́, mo kọ oúnjẹ títí màmá rẹ fi ní òun máa gbé e fún ajá. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Àìkú, Ọlálẹ́yẹ àti ìyàwó rẹ̀ wá, ó dọ̀bálẹ̀, kò tètè dìde.  Mo kàn gbé ọwọ́ lé e lórí.

Jọ̀wọ́, bá mi wá owó díẹ̀, iṣẹ́ ti bọ́. Má fi í gba inú fóònù wá, torí fóònù mi ti kú láti ọjọ́ Ẹtì, inú rẹ̀ ni owó náà máa há sí. Fi rán èèyàn.

Olúwa á máa ṣọ́ ọ ní ìjáde àti ìwọlé. Kò ní jẹ́ kí o fi ọwọ́ ara rẹ yan ẹni tó máa gbapò rẹ. Bí o bá sì yàn án, kó jẹ́ ẹni tí ipò náà tọ́ sí. Àmín, mo ti bá ọ ṣe é.

Èmi ni bàbá rẹ,
Babájídé