Ẹ Má Fún Ọmọ Náà Ní Mílíìkì Inú Àpótí

Ẹ kú ilé o, ìyá mi. Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ tuntun, ẹ sì kú ooru. Mo kí Bàbá wa, mo kí àwọn àgbà agboolé lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì kí Mulikat àbúrò mi, tí ó ń ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Orí fóònù rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ fi í ránṣẹ́ sí. Mo sì ní kí ìwé ìròyìn bá mi tẹ̀ ẹ́ jáde, nítorí mo mọ̀ pé ìyá mìíràn wà ní Ẹdẹ tí àpótí tirẹ̀ náà kún.

Ara mi le, òtútù ti ń rọlẹ̀ díẹ̀. Ẹ mọ̀ pé ṣọ́ọ̀bù ńlá tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí ní òkè òkun. Láràárọ̀, ọjọ́ tí wọ́n kọ sára oúnjẹ ni mo máa ń yẹ̀ wò, kí n lè kó èyí tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá kúrò lórí pẹpẹ. Ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ni ẹ bínú sí lọ́jọ́ Àìkú, tí ẹ pa fóònù mọ́ lẹ́nu!

Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún ẹni tí kò mọ̀. Ohun tí mo bá fi ránṣẹ́, ẹ kì í jẹ ẹ́. Inú àpótí irin ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni ẹ ń kó o sí. Bí àlejò bá dé, ẹ ó ṣí i kí wọ́n rí i, ẹ ó tún tì í. Bisikíìtì wà níbẹ̀, ẹja inú agolo wà níbẹ̀, ẹ ní ọjọ́ tí mo bá dé ni a ó jọ jẹ ẹ́. Mílíìkì ọmọ wẹ́wẹ́ tí mo fi ránṣẹ́ nígbà àkọ́bí Mulikat náà wà níbẹ̀, nítorí ọmú rẹ̀ tó ọmọ nígbà náà. Ní báyìí tí ó bí ìkejì, tí ọmú kò tó, ẹ ní ẹ ó ṣí agolo mílíìkì náà lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀ ọ̀la. Tísà tó fẹ̀yìntì, aládùúgbò wa, wò ó, wọ́n ní ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá láti èṣí. Ẹ ní wọ́n ń jowú. Ẹ sọ fún èmi náà pé ohun tí ọmọ yín fọwọ́ ara rẹ̀ rà kò lè ṣe ọmọ-ọmọ yín ní ibi.

Ìyá mi, ẹ ò jẹ̀bi pátápátá. Èlùbọ́ ni ẹ tà tí ẹ fi tọ́ wa. Ta ló kọ ọjọ́ sára èlùbọ́ rí? Ẹ ó bù ú sí àtẹ́lẹwọ́, ẹ ó gbóòórùn rẹ̀, ẹ ó sì mọ èyí tí òjò kàn lójú ọ̀nà Alájùé tí wọ́n ti ń kó o wá.

Níbí, oríṣi ọjọ́ méjì ni wọ́n ń kọ. Ọ̀kan ń sọ ọjọ́ tí adùn oúnjẹ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Ti bisikíìtì àti ẹja inú agolo nìyẹn. Bí ó bá kọjá, tí agolo kò wú, tí kò dípẹtà, tí kò jò, tí bisikíìtì kò ní kòkòrò, èmi máa ń jẹ ẹ́. Èkejì kò gba àwàdà. Ti ẹran àti ẹja tútù ni, bí ọjọ́ bá ti kọjá, ẹ dà á nù.

Imú tí mo jogún lọ́dọ̀ yín ni mo gbẹ́kẹ̀ lé lọ́dún tí mo dé. Mo gbé adìẹ tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá sílé, mo gbóòórùn rẹ̀, kò rùn rárá. Mo jẹ ẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń sáré lọ sílé ìgbẹ́, èmi nìkan, kò sí ẹni tí yóò po ògì fún mi. Mo sunkún, n kò sọ fún yín.

Géńdé nìyẹn o. Ọmọ ọ̀sẹ̀ méje ńkọ́? Mílíìkì ọmọ wẹ́wẹ́ kì í ṣe ohun tí a ń fi imú dán wò. Bí ọjọ́ rẹ̀ bá kọjá, èròjà tí ń mú ọmọ dàgbà lè ti dín kù nínú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé ó ṣì dára, pàápàá lábẹ́ páànù tó gbóná bíi tiwa.

Ẹ̀bi tèmi náà wà níbẹ̀. Inú mi máa ń dùn pé ẹ ń tọ́jú ẹrù mi, n kò sì sọ fún yín rí pé kí ẹ jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n mo dọ̀bálẹ̀, ìyá mi. Ẹ fún Mulikat ní kọ́kọ́rọ́ nísinsìnyí. Kó dá kíkà dúró, kó da mílíìkì náà nù, kó ra tuntun, kó sì gbé ọmọ lọ bá nọ́ọ̀sì nítorí ọ̀rọ̀ ọmú. Lẹ́yìn náà, ẹ bá mi bẹ Tísà. Wọn ò jowú, ọmọ wa ni wọ́n rò.

Ẹ má tọ́jú nǹkan kan dè mí mọ́. Bí mo bá dé, kì í ṣe bisikíìtì tí mo fúnra mi rà ni mo fẹ́ jẹ. Ọ̀ọ̀lẹ̀ tí ẹ sè láàárọ̀ ọjọ́ náà ni kí ẹ gbé ka iwájú mi. Kò ní í ní ọjọ́ lára, n ó sì jẹ ẹ́ tán.

Ọlọ́run Ọba yóò dá ẹ̀mí yín sí, yóò wo ọmọ tuntun, a ó sì fojú rinjú pẹ̀lú ayọ̀. Ẹ kí gbogbo ará ilé, títí dé orí ẹni tí ó ti ń wù láti ṣí àpótí yín.

Èmi ni ọmọ yín,
Sùlé