Òkú Tí Kò Tíì Rẹ́rìn-ín

Àmúkòkò, ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, 1994

Bátìrì kámẹ́rà kú mọ́ wa lọ́wọ́ ní Marine Beach, gẹ́rẹ́ tí Àǹtí Ṣadé dìde nínú pósí. Wọn ò tíì rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá ṣe òkú nínú fíìmù gbọ́dọ̀ rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà kó tó bọ́ aṣọ òkú, kí ikú má bàa tẹ̀lé e délé.

"Abeg, Dàírẹ́tọ̀, mi ò bọ́ ọ o! Mi ò sì lọ sílé mi."

Níbí nílé mi, wọ́n tún ti mú iná lọ. Kò burú. Lọ́la, màá gbé bátìrì yìí lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣáájì ní Malu Road. Fíìmù yìí á parí, dandan ni.

Òkú mi ṣì jókòó ní pálọ̀ nínú aṣọ funfun. Wọ́n ní ọbẹ̀ mi ò níyọ̀.