Kìnnìún Ara Asà

Màmá mi,

Ẹ kúulé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ara mi le, mo ń jẹun, ẹ̀kọ́ náà ń lọ. Ẹni tá a jọ ń gbé yàrá rí àwọn ọmọ ogun oníke mi lórí tábìlì, ó ní, "Ọ̀gágun, ta lẹ jọ ń jà?" Mo ní èmi àti ara mi ni. A rẹ́rìn-ín.

Màmá, asà kékeré tẹ́ ẹ ní kí n fi ránṣẹ́, èyí tí ẹ̀gbọ́n mi fi àbẹ́là mọ kìnnìún sí kó tó fi ayé sílẹ̀, mo fẹ́ kọ́kọ́ tẹ ike rírọ̀ lé e, kí n lè fi gba àwòrán rẹ̀ fún àwọn ọmọ ogun tó kù. Omi gbígbóná ló ń mú ike náà rọ̀. Mi ò jẹ́ kó tutù díẹ̀. Àbẹ́là bá yọ́.

Imú àti etí kan ṣoṣo ni ike náà rí gbà. Mo ti fi amọ̀ tẹ kìnnìún kan jáde lára rẹ̀, òun ló wà nínú àpòòwé yìí. Ó jọ ọ́ díẹ̀.

Ẹ bá mi kí Bàbá, ẹ ní mò ń ṣe dáadáa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka lẹ́tà yìí sí wọn létí.

Èmi àbíkẹ́yìn yín.