Ẹ̀rọ Ìfọṣọ Tí Mo Purọ́ Mọ́

                                        Ṣọ́ọ̀bù Alágbàfọ̀,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìfìwéránṣẹ́,
                                        Ọjọ́ Kọkànlá, Oṣù Kẹta.

Òpó-iná, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ẹ̀rọ ìfọṣọ tí àbúrò rẹ obìnrin tà fún mi kò bàjẹ́. Kò bàjẹ́ rí. Irọ́ ni mo pa mọ́ ọn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ìkíni gba gbogbo ìwé tí n kò ríbi kọ òótọ́ sí. Ìdí nìyí tí mo fi kọ́kọ́ tú u dà sílẹ̀ lónìí, bí ẹni tó ti bu omi gbígbóná sẹ́nu láti àárọ̀.

Ó yá, jẹ́ kí n wá kí ọ bí ọmọlúàbí. Ṣé dáadáa ni o wà? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé orúnkún Màmá ti ń gbọ́ oògùn? Ara tèmi le, àfi ojú tó ń tì mí, ìyẹn ò sì ní oògùn. Ìyàwó mi ní kí n kí ọ. Ó ní kí n fi kún un pé òun ò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí o.

O mọ̀ pé ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń fi ọwọ́ fọ aṣọ aláṣọ, títí ìka mi fi hunjọ bíi ti arúgbó. Nígbà tí mo ra ẹ̀rọ náà, inú mi dùn débi pé mò ń ṣí i, mò ń pa á dé, láìsí aṣọ kankan nínú rẹ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà tí mo kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù tí mo ti rà á, ni mo bá rí ọmọ ìyá ẹ̀rọ mi gan-an lẹ́yìn gíláàsì, pẹ̀lú bébà pupa lára. Wọ́n ti gé owó rẹ̀ wálẹ̀ gidi gan-an. Ó dà bí ẹni pé wọ́n ń retí kí n sanwó tán ni.

Ojú ọ̀nà ni mo ti hun irọ́ náà. Mo rò ó pé bí mo bá ní torí owó ni, wọn á fi mí rẹ́rìn-ín, nítorí ọjà tí a ti ná, tí a ti sanwó rẹ̀, ó ti parí. Àmọ́ ọjà tó bá bàjẹ́, ẹ̀tọ́ oníbàárà ni kó dá a padà, kó gbowó rẹ̀. Màá gbowó àná, màá fi ra ẹ̀rọ tòní. Ìjàpá ò gbọ́n tó mi lọ́jọ́ náà, o sì mọ ibi tí ọgbọ́n Ìjàpá máa ń parí sí.

Mo wọlé, mo fajú ro, mo ní ẹ̀rọ wọn ń pariwo, ó sì ń fa aṣọ ya. Àbúrò rẹ wò mí lójú. Ọmọ yẹn ti mọ̀ mí láti ìgbà tí èmi àti ìwọ ti jọ ń jí ẹran inú ọbẹ̀ Màmá jẹ. Ó rọra sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé torí ẹ̀rọ ni àbí torí owó? Tó bá jẹ́ torí owó ni, ẹ wo ògiri ẹ̀yìn mi yìí. Mo tiẹ̀ kà á fún yín lọ́jọ́ tẹ́ ẹ rà á."

Mo wo ògiri. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà síbẹ̀ pé bí owó ọjà bá wálẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tí ènìyàn rà á, kí ó mú rìsíìtì wá, wọn á dá ìyàtọ̀ rẹ̀ padà fún un. Kò sẹ́ni tó fipá mú wọn, àwọn fúnra wọn ló ṣèlérí. Ìlérí tí wọ́n sì ti gbé kọ́ ògiri ti di ẹ̀tọ́ mi. Ohun tí mo fẹ́ fi irọ́ jí, wọ́n ti gbé e kalẹ̀ dè mí. Lọ́jọ́ tó ń kà á fún mi, ẹ̀rọ ni mò ń wò bí ọkọ ìyàwó.

Ǹ bá yí ohùn padà, àmọ́ ọ̀gá wọn, ọkùnrin onítáì kan tí ọrùn rẹ̀ ò ju ọwọ́ mi lọ, ti yọ sí wa. Ojú tì mí. Ni mo bá ní, "Torí ẹ̀rọ ni. Ó ń jẹ aṣọ."

Wọ́n ní atúnṣe ń bọ̀ wá wò ó ní ṣọ́ọ̀bù mi. Mo ju ṣíbí méjì sínú ẹ̀rọ kó lè máa ró. Kí atúnṣe tó dé, ìyàwó mi tó ń wá ṣíbí kiri ti yọ wọ́n. Ẹ̀rọ náà wá ń yí jẹ́ẹ́jẹ́ bí ọmọ tó sùn. Mo ní, "Tẹ́ ẹ bá lọ tán ló máa ń ṣe é." Atúnṣe ní, "Bàbá, bóyá ojú mi ló ń tì í."

Wọ́n ní n kò gbọ́dọ̀ lò ó títí ìwádìí á fi parí. Wò mí lónìí, ọwọ́ ni mo fi ń fọṣọ níwájú ẹ̀rọ ìfọṣọ. Aṣọ ọ̀hún gan-an ò pọ̀ mọ́. Ìyáàfin olùkọ́ ti wá kó kọ́tìnì rẹ̀ lọ. Ó ní òun gbọ́ pé ẹ̀rọ mi ń jẹ aṣọ, òun ò sì ní fi tòun bọ́ ọ. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ á bá a. Tèmi ò tiẹ̀ lọ síbì kankan, inú ṣọ́ọ̀bù mi ló jókòó sí.

Èyí tí kì í ṣe ẹ̀rín rèé. Onítáì ní ó dájú pé ẹ̀rọ ìpàtẹ tí gbogbo ayé ti fọwọ́ tẹ̀ wò ni àbúrò rẹ tà fún mi bíi tuntun. Ọ̀sán ọ̀la ló fẹ́ sọ bóyá kí ọmọ náà máa lọ ilé. O mọ iye ìgbà tó fi wá iṣẹ́ yẹn, o sì mọ ibi tí owó oògùn Màmá ti ń wá. Ọmọ náà yà sọ́dọ̀ mi lánàá. Kò bú mi. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà, ó bá mi ká táwẹ́ẹ̀lì tó wà nílẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mi ò tíì sọ fún Màmá." Ó dìde, ó lọ.

Ìyàwó mi ní ẹ̀rù ń ba òun pé mo tún lè dé ṣọ́ọ̀bù wọn lọ́la kí n yadi. Mo mọ ara mi, ó lè ṣẹlẹ̀. Ìdí tí mo fi kọ́kọ́ kọ ọ́ sí ọ nìyí, kí n má baà ríbi sá padà sí. Bá mi kí ìyàwó rẹ àtàwọn ọmọ. Kí Màmá púpọ̀, ṣùgbọ́n má kà á sí i létí. Ó ṣì ń bínú ẹran yẹn.

Lọ́la, kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn, èmi ni wọn á kọ́kọ́ bá níbẹ̀. Màá sọ fún onítáì, lójú gbogbo oníbàárà, pé ẹ̀rọ náà pé, pé ọmọ náà ò ṣẹ̀, pé èmi ni mo purọ́. Lẹ́yìn náà, màá na rìsíìtì mi sí àbúrò rẹ, màá wá sọ ohun tó yẹ kí n ti sọ láti ìbẹ̀rẹ̀: "Owó ọjà yìí ti wálẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ìyàtọ̀ mi."

Èmi tó ṣì jẹ́ tìrẹ, bí o bá ṣì ń fẹ́,

Ìjọ̀gbọ̀n.