Orúkọ Tí Mo Kọ Sínú Ìwé Inṣọ́ránsì Rẹ

Agbo ilé Fádípẹ̀,
Ìlá-Ọ̀ràngún.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹsàn-án, 1956

Oyèbísí, ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ bí a ti ń kí ẹni tí ó ti gbé ẹsẹ̀ kan sọ́nà. Ṣé àlàáfíà ni o wà ní Èkó? Ṣé àwọn aláìsàn tí o ń tọ́jú ń gbádùn? Kí Ẹlẹ́dàá tí ó fi ọ́ ta mí lọ́rẹ má ṣe gba ẹ̀bùn náà padà lójú mi. Ìwọ tí ìjọba yàn láàrin ọ̀pọ̀ ènìyàn láti lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kún nọ́ọ̀sì ní ìlú òyìnbó, o ṣeun tí o kò sọ baba rẹ di ẹni ìgbàgbé. Iṣu ta lọ́dún yìí, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí o ti sọ ọjọ́ tí ọkọ̀ ojú omi yóò gbéra, òkèlè mẹ́ta ni ìyá rẹ ń jẹ tí ó fi ń kúrò nídìí àwo.

Mo rí ìwé inṣọ́ránsì mẹ́ta tí o fi ránṣẹ́, tí o ní kí n yan èyí tí ó bá tọ́ lójú mi, kí n sì kọ orúkọ sí i kí ọjọ́ ìrìn àjò tó pé. Tíṣà Àlàbí, ọmọ tí a bí ire, tí ó ń kọ́ àwa àgbà ní ìwé nírọ̀lẹ́, ni ó túmọ̀ wọn fún wa. Ilé-iṣẹ́ àkọ́kọ́ ní bí àpótí rẹ bá sọnù, àwọn yóò san án. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ọmọlúàbí ni wọ́n, ṣùgbọ́n ta ni ń ronú àpótí? Èkejì ní bí ara rẹ kò bá yá, àwọn yóò sanwó dókítà. Ìyẹn náà dára, àfi pé ó jọ pé wọn kò mọ̀ pé nọ́ọ̀sì ni ọ́. Ẹ̀kẹta ni ó ní bí o bá kú sọ́nà, àwọn yóò fún wa ní igba pọ́n-ùn.

Ìyá rẹ dìde. Ó bi Tíṣà pé ta ló gbé ọmọ òun lọ sọ́jà tí àwọn kan fi ń ná an. Ó ní òun kò tà, kí ó lọ sọ fún wọn bẹ́ẹ̀. Tíṣà ní Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe títà. Ìyá rẹ ní ṣé ẹni tí kò tà a máa gbowó ni? Ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn.

Èmi jókòó, mo rò ó. Bí a bá fún ènìyàn ní ewúrẹ́ sìn, tí a sì bá a ṣàdéhùn pé bí ewúrẹ́ náà bá kú, òun ni yóò san án, ẹni náà kì í sùn bí òjò bá ṣú. Ẹni tí yóò pàdánù igba pọ́n-ùn bí ọmọ mi bá kú, dandan ni kí ó ṣọ́ ọmọ mi. Bí ìjì bá dé, yóò sáré bá atukọ̀. Bí o bá wúkọ́, yóò gbọ́. Ìdí nìyí tí mo fi yan ẹ̀kẹta.

O kò gbàgbé ẹ̀gbọ́n rẹ, Ọláyọdé. Nígbà tí ó ń lọ ṣòwò ní Kùmásì, kò sí ẹni tí yóò pàdánù kọ́bọ̀ bí ó bá kú, àfi àwa. Irun orí rẹ̀ àti èékánná rẹ̀ ni àwọn ará Ìlá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dì sínú áńkáṣífù funfun wá fún wa, òun ni a sin sẹ́yìn ilé. Ọdún méje rèé, ìyá rẹ kò tíì jẹ́ kí koríko hù níbẹ̀. Mo bi Tíṣà bóyá ilé-iṣẹ́ ẹ̀kẹta yìí a máa gbé irun àti èékánná wálé. Ó ní kò sí nínú ìwé.

Jọ̀wọ́, kí o tó wọkọ̀, fi ṣílè márùn-ún ránṣẹ́ sí mi, kí n fi ra sítáǹbù tí n óò máa lẹ̀ mọ́ lẹ́tà rẹ, nítorí mo gbọ́ pé ti ìlú òyìnbó wọ́n.

Ó ku ohun kan. Níbi tí wọ́n ti béèrè orúkọ ẹni tí yóò gba igba pọ́n-ùn náà, ìyá rẹ kọ̀, èmi náà kò sì lè kọ tèmi. Orúkọ tìrẹ ni mo kọ. Tíṣà ní Baba, òkú kì í gbowó. Mo ní mo mọ̀. Ó wò mí, ó bá mi lẹ àpò ìwé náà pa.

Ògbó, àdá àtijọ́ tí ó mọ̀nà fún àwọn baba ńlá wa ní Ìgbómìnà, yóò la òkun fún ọ. Kí o lọ, kí o bọ̀, kí o wá fi ọwọ́ ara rẹ gba owó náà.

Èmi ni baba rẹ,
Oyèlẹ́yẹ Fádípẹ̀