Eyín Tí A Kò Jù Sórí Òrùlé

                                        Ilé Alhaji Mùyídéènì,
                                        Ẹ̀yìn Ọjà, Odòde,
                                        Ìdànrè, Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kọkànlá, ọdún 2025.

Olúyẹ́misí, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ọláfẹ́mi ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ibà ọjọ́sí ti fi í lọ́rùn sílẹ̀? Ọmọ wa ńkọ́? Mo gbọ́ pé ó ti ń rìn, pé kò sí abọ́ tí kì í fà lulẹ̀ mọ́. Kí Ọlọ́run wò ó dàgbà fún wa. Iṣẹ́ olùkọ́ ńkọ́, àti oòrùn Ìlọrin? Àwa níhìn-ín wà láàyè, a dúpẹ́. Bàbá mi ń ta aṣọ wọn, màmá mi ń bá mi jà.

Mo lè pè ọ́ lórí fóònù, ṣùgbọ́n mo mọ ara mi, ẹkún ni n ó fi gbogbo rẹ̀ sun. N kò mọ ohun tí wọ́n ti sọ fún ọ láti ilé. Jọ̀ọ́, ka tèmi náà.

O rántí pé nígbà tí mo parí ọdún kẹta nínú ẹ̀kọ́ ìtọ́jú eyín, wọ́n ní ẹni tó bá wù lè dá ẹ̀kọ́ dókítà dúró díẹ̀, kí ó ṣe ìwádìí fún oyè ọ̀mọ̀wé, kí ó tó padà wá parí. Inú mi dùn nígbà náà bí ẹni pé wọ́n fi mí joyè. Ìwọ gan-an lo ń pè mí ní Dókítà Lọ́nà Méjì. Bàbá mi kìlọ̀ pé ẹni tó lé eku méjì yóò pòfo, mo ní ayé ti yí padà. Ó sì yí lóòótọ́. Àwọn tí a jọ wọlé ti ṣe tán, wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn. Lóṣù tó kọjá mo lọ kí Ṣeun, ẹni tó máa ń yọjú wo ìwé mi nínú ìdánwò. Èmi ni mo dúró tí mo ń sọ pé "Dókítà, ẹ káàárọ̀" torí pé àwọn aláìsàn wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó dùn mí wọra.

Ìwádìí mi dá lórí eyín àkọ́kọ́ tí ọmọdé máa ń ká. Ohun tí ọmọ jẹ, omi tó mu, afẹ́fẹ́ tó fà símú, díẹ̀díẹ̀ wọn máa ń wà nínú eyín yẹn. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá oògùn tí wọ́n ń fín sí kòkó ń wọ ara àwọn ọmọ tó ń dàgbà nínú oko. Ibo ni mo tún fẹ́ lọ bí kò ṣe Aládé, ọ̀dọ̀ yín? Ṣùgbọ́n o mọ bí a ti ń ṣe é níhìn-ín. Bí eyín ọmọ bá ká, a ó ṣa òkúta wẹ́wẹ́ bí ọjọ́ orí rẹ̀ ti pọ̀ tó, ọmọ á jù wọ́n pẹ̀lú eyín náà sórí òrùlé, alángbá kò sì gbọdọ̀ rí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òmíràn kò ní hù. Èmi wá ń ní kí wọ́n kó eyín náà fún mi. Bí kì í bá ṣe màmá yín tó dìde nínú ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n ní ọmọ Mùyídéènì kò lè fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe ibi, ta ni ì bá dá mi lóhùn? Mo fún àwọn ọmọ ní búrọ́ọ̀ṣì. Mo ní kí wọ́n ṣáà máa ju òkúta nìkan, òrùlé kò ní mọ̀. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín sí i.

Eyín Jésùtófínmi, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ, wà lára àwọn tí mo kọ́kọ́ gbà. Ó ti ń lọ sí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án báyìí, eyín iwájú òkè méjèèjì kò tíì hù. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é ní bàbá àgbà. Nígbà tí mo dé lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo yẹ ẹnu rẹ̀ wò, mo sì sọ fún ìyá rẹ̀, Ẹ̀gbọ́n Adétáyọ̀, pé kí wọ́n gbé e lọ sí Àkúrẹ́, kí wọ́n fi ẹ̀rọ ya fọ́tò egungun ẹnu rẹ̀, torí ó lè jẹ́ pé eyín kan tí kò yẹ kó wà níbẹ̀ ló dínà. Wọn kò tilẹ̀ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. Wọ́n ní ohun tó dínà kò ju pé ọwọ́ mi ni eyín wà lọ, kí n dá a padà kí ọmọ náà jù ú sórí òrùlé bó ti yẹ.

Yẹ́misí, eyín náà ti di ìyẹ̀fun. Bí a ti ń ṣe é nìyẹn, a ó lọ̀ ọ́ kúnná, ẹ̀rọ á wá sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Nígbà tí mo sọ ọ́ nílé, màmá mi ní kí n mú eyín ọmọ mìíràn nínú ìgò kí n gbé e fún wọn. Wọ́n ní wọn kì í kọ orúkọ sára eyín, àlàáfíà ni ká wá. Mo mú un dání lóòótọ́. Mo dé ẹnu ọ̀nà yín, mo rí Jésùtófínmi tó ti ṣa òkúta rẹ̀, ó tò wọ́n sórí pèpéle, ó ń retí mi. N kò lè ṣe é. Mo sọ òótọ́ fún ìyá rẹ̀.

"O lọ eyín ọmọ mi," ni wọ́n wí, wọn kò pariwo, wọ́n wọlé lọ. O mọ irú ìròyìn tí à ń gbọ́ lórí rédíò nípa ẹ̀yà ara ènìyàn. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, àwọn ìyá ti dé ṣọ́ọ̀bù bàbá mi, wọ́n ní kí n kó eyín ọmọ àwọn jáde. Mo kó èyí tí n kò tíì lọ̀ lọ sí Aládé, mo pín in fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, níbi tí mo ti ń dúró de ọ̀kadà, ni mo ti ń gbọ́ òkúta lórí páànù láti ilé dé ilé, tí àwọn ọmọ ń hó. Iṣẹ́ ọdún méjì mi ni wọ́n ń jù sókè yẹn. N kò bínú sí wọn, mo ṣáà jókòó sínú koríko lẹ́bàá títì.

Ọ̀gá tó ń darí ìwádìí mi ní yunifásítì ní èyí tó kù kò tó fi gba oyè, kí n padà sí kíláàsì, kí n jókòó láàárín àwọn tó ń pè mí ní àǹtí, ó kéré tán n ó di dókítà eyín. Bóyá. Màmá yín kò dá mi lóhùn mọ́, wọ́n ní mo dójú ti àwọn nínú ìjọ. Ìyẹn ló dùn mí jù, torí pé ìyá ni wọ́n ṣe fún mi láti kékeré.

Bá mi kí Ọláfẹ́mi. Bá mi gbé ọmọ wa jó. Bàbá mi àti màmá mi ní kí n kí ọ.

Nǹkan kan ló kù, òun gan-an ló sì mú mi kọ̀wé. Àná ni èsì àwọn eyín tí mo lọ̀ dé. Nínú gbogbo wọn, ti Jésùtófínmi ni oògùn kòkó pọ̀ sí jù. N kò lè sọ pé òun ni kò jẹ́ kí eyín rẹ̀ hù, n kò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé òun ló ń bá bàbá rẹ̀ po oògùn lóko, ọwọ́ lásán ló sì fi ń pò ó. Bí èmi bá lọ sọ ọ́, wọn yóò lé mi, ọmọ náà yóò sì tún bá wọn lọ sóko. Ìwọ ni wọ́n máa gbọ́ tìrẹ. Jọ̀ọ́, pè wọ́n kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Ní kí ó má po oògùn mọ́, kí wọ́n sì gbé e lọ sí Àkúrẹ́. Sọ pé dókítà kan ní Ìlọrin ló sọ ọ́ fún ọ. Má dárúkọ mi.

                                        Tìrẹ ni mo ṣì jẹ́,
                                        Hajarah.